Ta Ni Yóò Gba Agbára Náà? Ìbéèrè Adùnní Olúwọlé Sí Àwa Ọlọ́jà

  

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ láàárín wa láti ìgbà díẹ̀, a ò sì fẹ́ kó di ohun tí à ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ ìsọ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí a fa obìnrin kan kalẹ̀ láàárín ara wa, kó lọ du ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Àwọn mìíràn ní rárá o, pé ọjà lọ́jà, òṣèlú lòṣèlú, kí ẹlẹ́lùbọ́ má tọwọ́ bọ ohun tí kò mọ̀. Wọ́n tún ní, ta ni yóò bá wa sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú àwọn lọ́yà?

Èrò tiwa ni pé kí a fa èèyàn kalẹ̀. Kí á tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á rántí obìnrin kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Òṣèré ni, òǹkọ̀wé eré ni, oníwàásù ni, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọkùnrin rò pé ti àwọn nìkan ni. Adùnní Olúwọlé lorúkọ rẹ̀.

TA NI OBÌNRIN YÌÍ?

Ọdún 1905 ni wọ́n bí i ní Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ wá sí Èkó, wọ́n ń gbé ní Àrólọ̀yà, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì St. John's. Ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni Adùnní lọ, ó sì gbé lọ́dọ̀ àlùfáà ibẹ̀, Adolphus Howells, fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe dókítà. Ìwé tó kà kò pọ̀ ju èyí tí púpọ̀ nínú àwa tí à ń pàtẹ lónìí kà lọ.

Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀bùn. Ó kọ eré onítàn kan fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀ṣì náà. Eré yìí gbajúmọ̀ débi pé Herbert Macaulay, àgbà òṣèlú Èkó nígbà náà, ló jókòó gẹ́gẹ́ bí alága níbi tí wọ́n ti ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, Adùnní dá ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀ sílẹ̀. Ó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèré fúnra wọn.

Ẹ má fojú kéré èyí o. Lónìí, bí ọmọ wa bá hàn nínú fíìmù, a ó máa pe ará àdúgbò wá wò ó. Láyé ìgbà náà, alárìnjó ni wọ́n ń pe òṣèré, alágbe ni wọ́n kà wọ́n sí. Nígbà tí Hubert Ògúndé ń dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1945, ó wá obìnrin tí yóò bá a ṣeré, kò rí. Òbí kò fẹ́ kí ọmọ wọn dé ìdí eré. Ó di ìgbà tó kéde pé akọ̀wé obìnrin lòun ń wá kó tó rí èèyàn. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré rẹ̀ ṣe aya kí wọ́n má baà sá lọ, kí aráyé má sì máa fi ojú burúkú wò wọ́n. Bí ó ṣe le fún ọkùnrin nìyẹn. Ẹ wá wo obìnrin tó dá tirẹ̀ sílẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀!

Kí ni eré fún un? Eré fún un ní ohùn. Ẹni tó bá ti dúró níwájú èrò tó ṣeré tí wọ́n rẹ́rìn-ín tí wọ́n sunkún, ojú kì í ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́. Adùnní tún di oníwàásù, ó ń rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ní gbangba. Nígbà tí òṣèlú wá dé, kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ níta.

Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé àwa kò ní irú ohùn yẹn ni? Ta ni kò mọ ìpolówó ọjà nínú wa? Ẹni tó lè kígbe ẹ̀kọ gbígbóná láti òwúrọ̀ títí èèyàn fi yà sọ́dọ̀ rẹ̀, tó lè bá oníbàárà mẹ́wàá ná ọjà lẹ́ẹ̀kan náà láìṣe àṣìṣe owó, ẹ ní kò lè sọ̀rọ̀ ní kánsù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó DÚRÓ TI ÒṢÌṢẸ́

Ní ọdún 1945, ogun àgbáyé ti sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò sún, oúnjẹ ń gbówó lérí. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níwájú, Michael Imoudu sì ni òkìkí rẹ̀ kàn jù láàárín wọn. Ó lé ní oṣù kan tí wọn kò fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Adùnní Olúwọlé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ó dúró tì wọ́n, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì fi owó rẹ̀ ṣètìlẹ́yìn.

Kì í ṣe òun nìkan ni obìnrin tó lẹ́nu nígbà náà. Ní Èkó kan náà, Alimọ̀tù Pẹlẹwura, ẹlẹ́ja ní ọjà Èrẹ́kò, ni olórí àwọn obìnrin ọjà. Nígbà ogun yẹn, òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Captain Pullen wá ń dá iye tí a ó máa ta gàrí fún àwọn ọlọ́jà. Ẹni tí kò da ẹ̀gẹ́ rí, tí kò ru agbọ̀n rí, ló fẹ́ máa sọ iye tí kọ́ńgò yóò jẹ́! Pẹlẹwura àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin ọjà jọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí, títí Aláké fi fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949.

Ẹ rí i pé ẹni tó ní obìnrin ọjà kò bá òṣèlú tan, kò mọ ìtàn.

ẸGBẸ́ K'ÓYÌNBÓ MÁ Ì LỌ

Níbí ni ọ̀rọ̀ Adùnní ti ta kókó. Ní oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro dìde nílé aṣòfin ní Èkó, ó ní kí a gba òmìnira ní ọdún 1956. Gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ń yọ̀. Adùnní kò yọ̀. Ní 1954, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn mẹ̀kúnnù, tí wọ́n ń pè ní Nigerian Commoners Liberal Party lédè òyìnbó. Àwọn aráàlú fún un lórúkọ míì: Ẹgbẹ́ K'Óyìnbó Má Ì Lọ.

Ohun tó ń wí rèé ní ṣókí. Òmìnira dára lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni yóò bọ́ sí? Àwọn tó ń pariwo pé kí òyìnbó lọ, lọ́yà ni wọ́n, tíṣà ni wọ́n, olówó ni wọ́n. Bí wọ́n bá gba àga tán, ta ni yóò rántí àgbẹ̀, ta ni yóò rántí aláàárù, ta ni yóò rántí obìnrin tó ń ta ata? Ó ní àwọn kan ti ń jẹ aráàlú níyà kí wọ́n tó gba òmìnira, áńbọ̀sìbọ́sí bí wọ́n bá gbà á tán. Ó ní kí òyìnbó dúró díẹ̀ sí i títí àwọn mẹ̀kúnnù yóò fi lè dáàbò bo ara wọn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò dé ní 1954, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ṣẹlẹ̀. Ìjókòó 42 ni ti ìwọ̀ oòrùn nílé aṣòfin àpapọ̀. NCNC mú 23, Action Group mú 18. Ọ̀kan tó kù, ẹgbẹ́ Adùnní ló mú un, láti agbègbè Ìkìrun. Ìkìrun o, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níbí. Ẹgbẹ́ tí obìnrin dá sílẹ̀, tí kò ní ìwé ìròyìn, tí kò ní bàǹkì, na àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì ní ojúde wọn.

Ọdún 1957 ni Adùnní kú. Kò rí òmìnira 1960 tó ń bẹ̀rù.

IBI TÍ A KÒ TI BÁ A LỌ

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́, nítorí ẹni tí a fẹ́ràn náà là ń bá wí. A kò bá Adùnní lọ lórí pé kí òyìnbó má ì lọ. Òyìnbó kan náà ló gbé Pullen lé àwọn ọlọ́jà lórí. Lábẹ́ òyìnbó kan náà ni owó orí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin Ẹ̀gbá. Bí ọmọ ilé bá ń jí ẹran nínú ìkòkò, a kì í tìtorí ìyẹn gbé ìkòkò fún àlejò pé kó bá wa máa ṣọ́ ọ. Àlejò náà á jẹ, á tún gbé ìkòkò lọ.

Oògùn tó júwe kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n àìsàn tó tọ́ka sí, ṣé kò sí? Ẹ wo láti 1960 títí di òní. Ológun gbà á, sójà míì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, alágbádá gbà á, gbogbo wọn ní nítorí mẹ̀kúnnù ni. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbà á ni wọ́n máa ń dé ọjà. Wọ́n á jó pẹ̀lú wa, wọ́n á bá wa jẹ iyán, wọ́n á pín gèlè, wọ́n á ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n tòmátò. Tí ìbò bá tán, a ò rí wọn mọ́ títí ọdún mẹ́rin.

Èyí tó dùn wá jù ni pé orúkọ ìnagijẹ nìkan ni àwọn èèyàn rántí. Wọ́n ní obìnrin tó ní kí òyìnbó má lọ. Wọn kò rántí ìbéèrè tó bi wọ́n. Ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn.

OWÓ KÁNSÙ Ń BỌ̀, TA NI YÓÒ GBÀ Á?

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá báyìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án mọ́. Ó tún ní kánsù tí aráàlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ máa darí ibẹ̀, kì í ṣe àwọn tí gómìnà kàn yàn síbẹ̀.

Gbogbo èèyàn ń pariwo pé òmìnira kánsù dé. Àwa náà bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣe bí Adùnní, kí á béèrè: bí owó náà bá dé, ọwọ́ ta ni yóò bọ́ sí? Bí ó bá kúrò lọ́wọ́ gómìnà tó bọ́ sọ́wọ́ alága kan àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, kí ni ọjà jẹ níbẹ̀?

Nínú gbogbo ìjọba, kánsù ló sún mọ́ wa jù. Ààrẹ kì í já tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni lọ́jà. Kánsù ló ń já a. Òfin ilẹ̀ yìí fi ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìyàgbẹ́ àti ìdọ̀tí sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ sórí gàrí wa, ọ̀rọ̀ kánsù ni. Ibi tí obìnrin yóò ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́ ọjà láìsá wọ igbó, ọ̀rọ̀ kánsù ni. Ọ̀nà oko tí iṣu fi ń jẹrà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ kánsù ni. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá jókòó láti pín owó, àwa tí à ń sanwó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ kò sí nínú yàrá náà.

ÀWỌN TÓ NÍ RÁRÁ, KÍ NI WỌ́N Ń SỌ?

Àwọn kan ní obìnrin kò lè ṣe é. Ẹ wo Èkìtì tiwa yìí ná. Bíọ́dún Olújìmí ti jẹ́ igbákejì gómìnà. Fúnmi Ọláyínká jẹ ẹ́ láti 2010 títí ó fi kú ní oṣù kẹrin 2013, Modúpẹ́ Adélabú sì gbapò rẹ̀. Ní 2022, Olúbùnmi Adélùgbà di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkìtì. Láti 2011 ni Èkìtì ti ní òfin tó lòdì sí lílu obìnrin àti ìwà ipá sí wọn; Bísí Adéleyè-Fáyẹmí, òǹkọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin tó jẹ́ ìyàwó gómìnà nígbà náà, wà lára àwọn tó jà fún un. Nítorí náà obìnrin lè ṣe é. Ohun tó kù ni pé kí ó dé orí obìnrin tó ń pàtẹ.

Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì wa kò dáa. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń gbẹ́ kànga? Wọ́ọ̀dù tiwa, èdè tiwa ni. Ẹni tó bá mọ ìṣírò àjọ, tí ẹnikẹ́ni kò ké pé ó jẹ owó òun rí, mọ ìwé ju ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì jí owó lọ.

Àwọn kan ní wọn yóò bú obìnrin náà, wọ́n á ní ó ti di alágbèrè, pé ọkọ rẹ̀ kò lágbára lórí rẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n á bú u. Ohun tí wọ́n fi bú àwọn òṣèré nígbà ayé Adùnní náà nìyẹn. Èébú kì í so mọ́ni lára. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni wọ́n bú, á dùn ún. Bí ó bá jẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ta ni wọ́n á bú tán?

Èyí tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti du ipò láìsí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, pé ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá gbé e dìde ni yóò ni ín, kì í ṣe àwa. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ jọ ná an lórí owó. Bí ó bá jẹ́ owó baba ìsàlẹ̀ kan ló fi du ipò, ti baba ìsàlẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ owó àjọ wa ni, tiwa ni. Ẹni tó bá san owó ẹran ló ń mú ẹran lọ ilé.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Èkíní: kí olùdíje kankan má wá pín gèlè ní ọjà wa mọ́ láì kọ́kọ́ jókòó fún wákàtí kan. Kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni owó tíkẹ́ẹ̀tì ń lọ? Ìgbà wo ni omi àti ilé ìyàgbẹ́ yóò dé ọjà? Èwo nínú ọ̀nà oko ni yóò kọ́kọ́ tún ṣe? Kí á kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ó fọwọ́ sí i. Bí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó máa gbé gèlè rẹ̀ lọ.

Èkejì: kí á fa obìnrin kan kalẹ̀ fún káńsẹ́lọ̀, ẹni tí owó kò wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ láti dá padà. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dá ọgọ́rùn-ún náírà lọ́jọ́ ọjà láti ìsinsìnyí. Kò tó owó ata. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kó sì mọ̀ pé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta òun yóò máa wá ròyìn fún wa, bí ẹni tó ń ka àjọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ má rẹ́rìn-ín o: kí àwọn ọmọbìnrin wa máa ṣe eré lọ́jọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́. Kì í ṣe ijó nìkan. Kí wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn: eré nípa tíkẹ́ẹ̀tì, eré nípa olóṣèlú àti gèlè. Inú eré àwọn ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ni Adùnní ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ti dúró níwájú ọjà tó sọ òótọ́ tí èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un, kò ní dákẹ́ mọ́ nígbà tó bá dàgbà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sọ pé eré yóò ba ọmọ yín jẹ́, ẹ ranti pé ìdákẹ́ náà ń ba ọmọ jẹ́.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Owó kánsù kò ì tíì dé ọjà, àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ ti ń fọ ọwọ́. Adùnní béèrè ìbéèrè tirẹ̀ ní 1954, òun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Àwa pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ wá, kí olúkúlùkù sọ tirẹ̀, kí á dìbò lé e lórí láàárín ara wa.

Ọjà á tà o. A ò ní pàdánù.